Jane Manning James: Ó Fẹsẹ̀ Rìn Wá, Wọ́n Ní Kó Dúró Sẹ́nu Ọ̀nà

Ìtàn ìdílé kan la fẹ́ sọ lónìí, láàárín àwọn Mọ́mọ́nì ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀kọ́ tiwọn yàtọ̀ sí tiwa, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á, ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Nǹkan bí ọdún 1820 ni wọ́n bí Jane Manning sí Wilton, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Aláwọ̀ dúdú ni, ṣùgbọ́n wọn kò bí i sínú ẹrú. Bàbá rẹ̀ tètè kú, ló bá di ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn òyìnbó láti kékeré. Nígbà tó dàgbà, ó gbọ́ ìwàásù àwọn Mọ́mọ́nì, ó gbà á gbọ́, wọ́n sì ṣèrìbọmi fún un.

Ní 1843, òun àti ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ àti Sylvester ọmọ rẹ̀ gbéra lọ sí Nauvoo ní Illinois, níbi tí Joseph Smith tó dá ìjọ náà sílẹ̀ ń gbé. Wọ́n dé Buffalo, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní àfi kí wọ́n sanwó lójú ẹsẹ̀. Owó ò sí. Ni wọ́n bá fẹsẹ̀ rìn, ó lé ní 800 máìlì! Bàtà gbó tán lẹ́sẹ̀ wọn, àtẹ́lẹsẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Jane fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ nígbà tó dàgbà tán, tí ẹnì kan sì bá a kọ ọ́ sílẹ̀: wọ́n kúnlẹ̀ gbàdúrà, ẹsẹ̀ wọn sì san.

Ní Nauvoo, Jane ṣiṣẹ́ nínú ilé Joseph Smith. Wọ́n pa ọkùnrin náà ní 1844. Jane fẹ́ Isaac James, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀. Nígbà tí àwọn Mọ́mọ́nì ń ṣí lọ sí ìwọ̀ oòrùn ní 1846, ìyá rẹ̀ àtàwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kò bá a lọ. Ojú ọ̀nà ló ti bí Silas. Wọ́n dé àfonífojì Salt Lake ní September 1847, ó sì bí Mary Ann síbẹ̀ lọ́dún kejì.

Ìyàn mú níbẹ̀. Ní 1849, aládùúgbò rẹ̀ kan, Eliza Lyman, kò ní oúnjẹ nílé. Jane fún un ní ìyẹ̀fun pọ́n-ùn méjì, ó tó ìdajì gbogbo èyí tó ní. Àbí ẹ ò rántí opó Sáréfátì?

Isaac fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí 1870. Nígbà tó padà dé lẹ́yìn ogún ọdún, Jane gbà á sílé títí ó fi kú ní 1891. Ojú Jane náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe kú.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó dunni. Ìjọ náà ní àwọn ètò mímọ́ kan nínú tẹ́ḿpìlì tí wọn kì í ṣe fún aláwọ̀ dúdú. Jane bẹ̀ wọ́n, ó bẹ̀ wọ́n títí. Ní 1894, wọ́n so orúkọ rẹ̀ mọ́ ìdílé Joseph Smith. Gẹ́gẹ́ bí kí ni? Gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́! Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kó wọlé fún ètò náà. Òyìnbó kan ló dúró fún un. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún ń bẹ̀ wọ́n. Ó kú ní April 1908. Ààrẹ ìjọ wọn wá sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀, ó sì yìn ín. Òfin yẹn wà síbẹ̀ di 1978, àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ará, ó rọrùn láti yin òkú. Lójú ayé rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀sìn tí obìnrin yìí fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ wá bá, ìránṣẹ́ ló pè é. Ká má kàn nàka sí Mọ́mọ́nì o. Jákọ́bù orí kejì ti bá gbogbo wa wí lórí ọ̀rọ̀ àga iwájú. Ta ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí a ò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀? Ta ló ti ń bọ̀ láti ọdún yìí wá, tí a ò tíì fún láyè láti sọ̀rọ̀, nítorí aṣọ rẹ̀ tàbí ìlú tó ti wá?

Ẹ fún wọn ní ipò wọn nígbà tí ojú wọn ṣì ríran. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ gbọ́ ìtàn wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Olúwa kò ní jẹ́ ká ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí Òun ti pè. Àmín.