Ojú Ni Ọ̀rọ̀ Wà

Kò sí ìgbà kan rí tí ó rọrùn fún ènìyàn láti ránṣẹ́ sí ará ilé rẹ̀ bí ti òde òní. Ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ kí omi tó hó lórí iná. Ènìyàn lè rò pé ìrọ̀rùn yìí yóò mú kí ayọ̀ pọ̀ nínú ilé wa ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wo ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, a ó rí i pé ọ̀tọ̀ ni ìròyìn, ọ̀tọ̀ sì ni ayọ̀ ẹbí. Ẹni tí ó ní ọ̀kan lè ṣàìní èkejì.

Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú Òṣoògùn. Lára àwọn tí a mú lẹ́rú ni ọmọkùnrin kan tí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. A mú ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin pẹ̀lú, kò sì pẹ́ tí a fi yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Pọtogí ti rà á tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, ó sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró, níbi tí wọ́n ti di òmìnira. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti kàwé, ibẹ̀ ni ó ti gbéyàwó, tí ó sì di ẹni tí ayé mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther.

Fún ọdún 25, ìyá kò gbọ́ ohùn ọmọ, ọmọ kò gbọ́ ti ìyá. Kì í ṣe pé ìfẹ́ ti tán láàárín wọn. Ọ̀nà ni kò sí. Lóòótọ́, àwọn baba wa a máa pa àrokò sí ara wọn nígbà náà. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a fi okùn so pọ̀ a máa sọ fún ẹni tí ó gbà á pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fà sí i. Ṣùgbọ́n ta ni ìyá yóò rán ní àrokò lọ sí òkè òkun, nígbà tí kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ wà láàyè?

Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ ọdún 1846, Crowther, tí ó ti di àlùfáà, dé Abẹ́òkúta láti ṣe iṣẹ́ ìhìnrere. Ìròyìn dídé rẹ̀ kan ìyá rẹ̀ lára ní ìlú kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ìyá wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé àwọn kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n di ara wọn mú, omijé ń ṣàn, ìyá ń wo ọmọ, ọmọ ń wo ìyá. Ìyá sì ń pè é ní àwọn orúkọ ìkẹ́ tí ìyá àgbà fi ń pè é nígbà èwe rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ kíyè sí èyí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ìròyìn ọdún 25 wà nínú àwọn méjèèjì: ti ogun, ti oko ẹrú, ti òkun, ti ìwé, ti aya àti ọmọ. Síbẹ̀ kì í ṣe ìròyìn ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Wíwà pọ̀ tó wọn ná. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ìròyìn ti ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1886, wáyà abẹ́ òkun so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1901, ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Èkó wá wọ Ìbàdàn. Ní ọdún 1935, rédíò tí a fi wáyà fà wọ ilé bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ní Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí gba díẹ̀ nínú àkókò tí a fi ń pa àlọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tú agbo ká. Ìdí ni pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ní wọn. Ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀kan, àwọn olùgbọ́ sì pọ̀. Bí òṣèré bá pani lẹ́rìn-ín, bàbá, ìyá, ọmọ àti aládùúgbò ni wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹjọ ọdún 2001, tí fóònù alágbèéká ti bẹ̀rẹ̀ sí tàn ká Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yí padà. Nísinsìnyí ẹ̀rọ pọ̀ nínú ilé, olùgbọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo. Ẹni márùn-ún lè jókòó nínú iyàrá kan, kí ọkàn wọn wà ní ìlú márùn-ún.

Èmi kò sọ èyí láti bú fóònù. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lónìí, ọkàn rẹ̀ sì ń balẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ẹrú kò gbọdọ̀ fojú kéré irú oore bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àrokò ni fóònù jẹ́, ẹni tí ó jìnnà ni a sì ń pa àrokò sí. Ohun tí ó ń sún ẹni tí ó jìnnà mọ́ wa kò gbọdọ̀ sọ ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa di àjèjì.

Ẹ ronú nípa ìgbádùn tí àwọn baba wa ní ní ìrọ̀lẹ́. Owó díẹ̀ ni ó ń ná wọn: iná ààrò, àgbàdo sísun, ọpọ́n ayò, òṣùpá. Bí àgbà bá ní, "Ààlọ́ o," àwọn ọmọdé gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Ààlọ̀!" Bí wọn kò bá dáhùn, ìtàn kò ní lọ síwájú. Bí ó bá jẹ́ àlọ́ àpamọ̀ ni, olúkúlùkù ni yóò wá ìtumọ̀. Àlọ́ kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì. Ọ̀rọ̀ tí ó ń retí èsì ni. Nínú ìpè àti èsì yìí ni ọmọ ti ń mọ̀ pé òun ní ìpín nínú ilé, tí àgbà sì ti ń mọ̀ pé a kò tíì gbàgbé òun.

Ohun kan sì wà tí kò ṣeé fi dúró di ọ̀la. Àwọn orúkọ ìkẹ́ tí ìyá Crowther fi pè é ní ọjọ́ náà, kò sí ìwé tí a kọ wọ́n sí fún un. Inú rẹ̀ ni ó pa wọ́n mọ́ sí ní gbogbo ọdún ìpọ́njú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì yín, ìtàn bí bàbá àgbà yín ṣe dé ìlú, àti orin tí a fi rẹ̀ yín nígbà tí ẹ ń sunkún, ṣe wà lẹ́nu àwọn àgbà ilé yín lónìí. Bí ẹ kò bá jókòó tì wọ́n, wọn yóò kó wọn lọ, kò sì sí ẹ̀rọ tí yóò bá yín dá wọn padà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wákàtí kan wà ní alẹ́ tí fóònù yóò sùn, tí ilé yóò sì jí. Ẹ jẹun pọ̀. Ẹ ta ayò pẹ̀lú àbúrò yín. Ẹ bèèrè oríkì yín lọ́wọ́ ìyá àgbà, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń kì yín. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ayọ̀ rẹ̀ bá ti ilé wá, ariwo òde kò ní lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.