Báwo ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yúróòpù ṣe ń mú ọmọ lọ́dọ̀ wa? Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ kó tó ná kọ́bọ̀

Ìbéèrè kan wà tí ẹ̀yin òǹkàwé mi kì í jẹ́ kó sinmi: "Ọmọ mi mọ bọ́ọ̀lù í gbá, báwo la ṣe máa gbé e dé òkè òkun?" Àwọn míì tiẹ̀ ti kọjá ìbéèrè. Ìwé ìpè tí ẹnì kan fún wọn ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pé kí n bá àwọn wò ó bóyá ojúlówó ni. Mo wá ní kí n kó gbogbo rẹ̀ jọ síbi kan, láti ìgbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ọmọ lórí pápá títí tó fi máa wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀nà tó tọ́, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tó fẹ́ ọmọ ni owó ti ń jáde. Kì í jáde lápò òbí. Ẹ di èyí mú, gbogbo ohun tó kù máa yé yín.

Ibi tí wọ́n ti ń rí ọmọ

Àwọn tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wá ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù kiri là ń pè ní scout. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà.

Èkíní ni ìdíje. Níbi tí àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ bá ti ń du ife Áfíríkà tàbí ife àgbáyé, ẹ máa bá àwọn scout níbẹ̀. Ní 2013, Nàìjíríà gba ife àgbáyé náà ní United Arab Emirates. Kelechi Iheanacho ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù, Manchester City sì mú un. Ní 2015, ní orílẹ̀-èdè Chile, Victor Osimhen, ọmọ tó dàgbà sí Olúsósùn l'Ékòó, gbá góòlù 10 sáwọ̀n. Ṣáájú rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wolfsburg ti Jámánì ló mú òun.

Èkejì ni àkádẹ́mì tó ní àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ òkè òkun. Ní Senegal, Génération Foot àti ẹgbẹ́ Metz ti ilẹ̀ Faransé ti jọ ń ṣe láti 2003. Ọ̀nà yẹn ni Sadio Mané gbà. Ní Gánà, Right to Dream ló ra ẹgbẹ́ FC Nordsjælland ní Denmark, Mohammed Kudus sì gba ibẹ̀ kọjá. Tiwa náà wà nílé níbí: FC Ebedei ti Ṣàgámù pẹ̀lú FC Midtjylland ti Denmark. Láti Ebedei ni Paul Onuachu ti lọ sí Midtjylland ní 2012. Frank Onyeka tẹ̀ lé e ní 2016, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Brentford ní 2021.

Ẹ̀kẹta ni fídíò. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Wyscout ń kó eré bọ́ọ̀lù oríṣiríṣi líìgì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Scout lè jókòó sí Jámánì kó máa wo ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Fídíò ìṣẹ́jú méjì tí ẹ gé, tí ẹ fi orin sí, kò tó nǹkan lójú wọn. Eré odindi ni wọ́n fẹ́ rí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ máa ń wo ẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀, bóyá ó lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì ṣiṣẹ́, àti ohun tó ń ṣe nígbà tí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í tìtorí ọjọ́ kan mú ọmọ. Wọ́n máa wò ó lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó máa wò ó kò sì ní jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Òfin ọdún 18

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀. Láti 2001 ni FIFA ti ṣòfin pé agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 18 kó tó lè kúrò lábẹ́ orílẹ̀-èdè kan lọ forúkọ sílẹ̀ ní òmíràn. Tẹ́lẹ̀ rí, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1994, Celestine Babayaro ti wà ní Anderlecht ní Belgium, ọmọ ọdún 16 ló sì jẹ́ nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù nínú Champions League. Lónìí, òfin ò gba irú ẹ̀ láyè fún ọmọ tó bá ti Nàìjíríà lọ.

Òfin náà kì í ṣe orí ìwé lásán. Midtjylland tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kó àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé 18 lọ sí Denmark, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, pé wọn kì í gbowó bọ́ọ̀lù. FIFA ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé CAS, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá àgbáyé, ilé ẹjọ́ náà sì dá ẹgbẹ́ náà lẹ́bi ní 2009. Wọ́n ní òfin mú ọmọ tí kò gbowó náà. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, Barcelona jìyà tiẹ̀ ní 2014, Real Madrid àti Atlético Madrid ní 2016, Chelsea ní 2019. Wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀ fún sáà kan tàbí méjì. Tí òfin bá mú àwọn wọ̀nyí, ẹgbẹ́ kékeré wo ló máa fi orúkọ rẹ̀ tafàlà nítorí ọmọ ọdún 15?

Òfin fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ o. Tí òbí fúnra wọn bá kó lọ sí orílẹ̀-èdè náà nítorí iṣẹ́ tàbí ohun mìíràn tí kò kan bọ́ọ̀lù, ọmọ lè forúkọ sílẹ̀. Àmọ́ kí ẹ fi ọmọ ránṣẹ́ sí àbúrò yín ní London kì í ṣe pé òbí kó lọ. Àyè tún wà fún ọmọ tó ń gbé nítòsí ẹnubodè: tí ilé wọn kò bá ju kìlómítà 50 lọ sí ẹnubodè, tí ẹgbẹ́ tó wà lódìkejì náà kò sì ju 50 lọ sí i, ó lè máa ti ilé lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìmẹ̀kọ lè ronú nípa èyí, Olómìnira Benin kò jìnnà sí wọn. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè European Union, ọdún 16 ni, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan ẹni tó ń ti Nàìjíríà bọ̀.

Ìdí nìyí tí Iheanacho fi ní láti dúró kó pé 18 kó tó di ti City. Osimhen pé 18 ní December 29, 2016. January 2017 ló dé Wolfsburg.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ọjọ́ orí. Àwọn kan ń dín ọdún ọmọ kù torí wọ́n rò pé á jẹ́ kó tètè rí mú. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ọmọ ọdún 18 tí ìwé rẹ̀ ní 15 ló wà ti fi ọdún mẹ́ta kún ìdúró ara rẹ̀. Láti 2009, FIFA sì ti ń fi ẹ̀rọ MRI wo eegun ọrùn ọwọ́ níbi ife àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju 17 lọ.

Tó bá pé 18 ńkọ́?

Físà àti ìwé àṣẹ iṣẹ́ ló kàn. Ẹ wo Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin. Imperial Soccer Academy tí Ṣèyí Olófínjànà dá sílẹ̀ ló ti jáde, ó wà lára àwọn tó gba ife 2013, Liverpool sì rà á ní 2015 nígbà tó pé 18. Àmọ́ kò rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà. Wọ́n yá a fún àwọn ẹgbẹ́ ní Jámánì, Netherlands àti Belgium, títí wọ́n fi tà á fún Union Berlin ní 2021. Kò gbá eré kankan fún Liverpool nínú líìgì. Nottingham Forest ló mú un padà wá sí England ní 2022.

Láti 2021, lẹ́yìn tí Bìrìtìkó ti kúrò nínú European Union, máàkì ni wọ́n ń kà níbẹ̀: iye eré tí o ti gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ, bí líìgì tí o ti ń bọ̀ ṣe lágbára tó. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní pápá àdúgbò kò lè ní in. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń gba líìgì kékeré kọjá. Peter Ọláyinká, ọmọ Ìbàdàn, Albania ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2019, òun ló gbá góòlù fún Slavia Prague nílé Inter Milan nínú Champions League. Ẹ má fojú di orílẹ̀-èdè tí ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò.

Owó tó yẹ kó wọlé

FIFA ní ẹgbẹ́ tó tọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Tí ọmọ bá kọ́kọ́ di agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó, ẹgbẹ́ tuntun máa san owó ìtọ́ni fún àwọn tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbàkígbà tí ẹgbẹ́ òkè òkun kan bá tà á fún òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn tó tọ́ ọ láti 12 sí 23. Ká ní àkádẹ́mì kan ní Ṣàgámù tọ́ ọmọ láti 12 títí tó fi pé 18, tí wọ́n wá tà á ní €10 mílíọ̀nù lọ́jọ́ iwájú. €200,000 ló tọ́ sí àkádẹ́mì náà. Láti 2022, ilé ìsanwó FIFA tó wà ní Paris ló ń pín in.

Àmọ́ owó yìí kì í dé ibi tí kò sí àkọsílẹ̀. Tí àkádẹ́mì kò bá sí lábẹ́ àjọ NFF, tí wọn ò sì forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, ó ti sọ nù nìyẹn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí òbí bi kóòṣì nìyí: "Ẹ ti forúkọ ọmọ mi sílẹ̀? Ẹ fi hàn mí."

Àwọn gbájúẹ̀

Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan ní Ìyànà-Ìpájà fi ìwé ìpè kan hàn mí. Àmì ẹgbẹ́ kan ní Turkey wà lórí rẹ̀, ó dán gbinrin. Àdírẹ́sì Gmail ló ti wá. Wọ́n ní kó san owó físà, owó àyẹ̀wò ara àti owó ìforúkọsílẹ̀. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 15. Mo ní, "Mọ́mì, ọmọ yìí ò tiẹ̀ tíì tó ẹni tí òfin gbà láyè." Ó dákẹ́. Ó ti kó èsúsú rẹ̀, ó ti san ìdajì. Nígbà tó ní òun ò san ìyókù mọ́, ẹni náà ò gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò rèé:

Ejẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì FIFA. Láti 2023 ni wọ́n ti dá ìdánwò rẹ̀ padà, orúkọ àwọn tó yege sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì FIFA. Ẹ wá a níbẹ̀, ẹ má gba káàdì ìdánimọ̀ tó rọ̀ sọ́rùn gbọ́.

Kò gbọ́dọ̀ bá ọmọ tí kò tíì pé 18 sọ̀rọ̀ iṣẹ́ láìgba àṣẹ òbí ní àkọsílẹ̀.

Ẹ fúnra yín wá nọ́ńbà ẹgbẹ́ náà, ẹ pè wọ́n, ẹ béèrè bóyá àwọn ló kọ ìwé. Ẹ má pe èyí tó wà lórí ìwé náà.

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé méjì. Ní 2005, Manchester United àti Chelsea jọ ń du John Obi Mikel, ó sì tó ọdún kan kí wọ́n tó yanjú rẹ̀. Chelsea san £12 mílíọ̀nù fún United, £4 mílíọ̀nù fún Lyn ti Norway. Irú owó bẹ́ẹ̀ lè bo irú wàhálà bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ tiwa lè má rí ẹni san tiẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn: ẹ má yọ ọmọ kúrò nílé ìwé. Òfin ti sọ pé kò lè lọ kó tó pé 18, kí ló wá ń lé wa? Ọdún yẹn tó WAEC í ṣe.