Oògùn Oorun Kọ́ ni Oògùn Ọgbẹ́ Ọkàn

Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já láti ìgbà tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ sí i kì í pẹ́ rí olùdámọ̀ràn ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀ tàbí ní Sakété ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ará ilé á ní kó wá Valium lò, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tó kàwé díẹ̀ gùn ju ìyẹn lọ: wọ́n á ní àìfọkànbalẹ̀ ní oògùn tirẹ̀, ìsoríkọ́ ní tirẹ̀, àlá burúkú àti ìrántí tí ìjàǹbá fi sílẹ̀ náà ní tirẹ̀, nítorí náà ẹni tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dé bá gbọ́dọ̀ máa lo oògùn mẹ́ta. Àṣìṣe ni ìmọ̀ràn méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ ló léwu jù, nítorí pé ó máa ń dà bíi pé ó ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ lò ó.

Kétu ti mọ ìjàǹbá tipẹ́. Ní ọdún 1886 ni àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì run ìlú náà, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìgbèkùn. Lóde òní, iná epo kpayó (epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń fà wọlé ní fàyàwọ́ láti Nàìjíríà), jàǹbá ọkọ̀ àti ìdigunjalè ló rọ́pò ogun. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó epo kpayó sí ní Sèmè-Kraké, lẹ́bàá ibodè Nàìjíríà. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tó kú, àwọn mìíràn sì jóná yánnayànna.

Ẹni tó bá yọ nínú irú iná bẹ́ẹ̀ lè máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún oṣù mélòó kan. Tó bá yá, òórùn epo lásán á gbé e padà sí àárín iná. Kò ní lè gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Bí ẹnìkan bá ti ilẹ̀kùn gbàmù, á fò sókè. Àlá kò ní jẹ́ kó sùn. Ọgbẹ́ ọkàn ìjàǹbá nìyẹn, àìsàn tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wọn ní 1980. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀ sí i, ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn nínú kò ní dùn mọ́ ọn mọ́, oúnjẹ kò ní lọ lẹ́nu rẹ̀, á máa sọ pé òun ìbá ti bá àwọn tó kú lọ. Ìsoríkọ́ ti dé nìyẹn. Àyà rẹ̀ á tún máa já níbi tí ewu kankan kò sí, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Àìfọkànbalẹ̀ nìyẹn. Bí ìdajì àwọn tí ọgbẹ́ ọkàn ìjàǹbá ń bá jà ni ìsoríkọ́ ń bá jà pẹ̀lú. Orúkọ mẹ́ta ni ìwé ìṣègùn kọ, ṣùgbọ́n gbòǹgbò wọn lọ́ mọ́ ara wọn.

Mo gbọ́dọ̀ mú ọ̀rọ̀ kan kúrò lọ́nà ká tó máa bá ti oògùn lọ. Àwọn kan ṣì ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni ìsoríkọ́. Dókítà J. C. Carothers kọ ọ́ sínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 1953 pé ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn Áfíríkà. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ Thomas Adeoye Lambo àti Alexander Leighton pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá wádìí láàárín àwọn Yorùbá agbègbè Abẹ́òkúta. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1963 fi hàn pé àmì ìsoríkọ́ kò ṣọ̀wọ́n rárá lọ́dọ̀ wa. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí a ti dá Carothers lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Valium. Leo Sternbach, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé-iṣẹ́ Roche, ló ṣe àwárí ìdílé oògùn náà. Librium jáde lọ́dún 1960, Valium tí orúkọ ìṣègùn rẹ̀ ń jẹ́ diazepam tẹ̀lé e ní 1963. Ọmọ ìyá kan náà ni Lexomil tí àwọn tó ń sọ Faransé mọ̀ dáadáa, àti Xanax, àti Rivotril. Ohun tí gbogbo wọn ń ṣe ni pé wọ́n ń fún èròjà tó ń tu ọpọlọ lójú lágbára. Láàárín wákàtí kan, àyà á rọlẹ̀, iṣan á dẹ̀, ojú á wúwo. Oògùn rere ni fún ẹni tí gìrì mú, ó sì wúlò fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ tí dókítà bá ń ṣọ́ ọ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kórìíra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í wo ọgbẹ́ ọkàn ìjàǹbá sàn. Ní 1990, Braun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní alprazolam, èyí tí a mọ̀ sí Xanax. Ìpayà wọn dín díẹ̀, àmọ́ ìrántí tó ń yọ wọ́n lẹ́nu àti sísá fún ohun tó jọ ìjàǹbá kò yí padà. Ní 1996, Gelpin àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi ènìyàn 13 tó gba irú oògùn yìí láìpẹ́ lẹ́yìn ìjàǹbá wé ènìyàn 13 mìíràn tí kò gbà á. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àárín àwọn tó lo oògùn ni ọgbẹ́ ọkàn náà ti pọ̀ jù. Kékeré ni ìwádìí yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fi òun nìkan dájọ́. Nígbà tí Guina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kó ìwádìí 18 jọ ní 2015, tí iye àwọn tó wà nínú wọn lé ní 5,000, ibì kan náà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí: oògùn ìdílé Valium kò ṣe àìsàn yìí ní àǹfààní, ó sì lè mú un burú sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ ní 2013 pé kí a má ṣe fún àgbàlagbà tí ìjàǹbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù àkọ́kọ́ nítorí ìpayà rẹ̀.

Kí ló fà á? Àlàyé tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni pé ọpọlọ ní láti tún ẹ̀kọ́ kọ́ kí ẹ̀rù tó kúrò. Ẹni tó sá fún ọ̀nà Sèmè gbọ́dọ̀ tún ọ̀nà Sèmè rìn, kí ara rẹ̀ rí i pé iná kò sí níbẹ̀ mọ́. Valium ń pa agbára ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ìrántí kù ní àkókò tí ọpọlọ nílò wọn jù. Bó bá pẹ́ lára, ara á mọ́ ọn lára débi pé ìwọ̀n àná kò ní tó fún ti òní. Fífi ọtí sódabì mu ún lè dá èémí ènìyàn dúró, ó sì ń bi àwọn àgbà ṣubú lóru.

Irú àṣìṣe yìí wà nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ wa pẹ̀lú. Àwọn babaláwo àti oníṣègùn wa mọ igi asofẹ́yẹjẹ, wọ́n sì ń fi gbòǹgbò rẹ̀ rọ wèrè lójú. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1960, ó sì bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ wọn. Reserpine, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù yọ jáde ní 1952 lára ìbátan igi náà, wà nínú asofẹ́yẹjẹ. Láìpẹ́, àwọn dókítà tó ń fi reserpine wo ẹ̀jẹ̀ ríru kíyè sí i pé ìsoríkọ́ ń mú àwọn kan lára àwọn aláìsàn wọn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ìyẹn ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n èmi kò ní gba ẹni tí ìsoríkọ́ ń bá jà nímọ̀ràn láti mu àgbo asofẹ́yẹjẹ. Ohun tó ń mú ara rọ̀ wọ̀ọ̀ lè má ṣe ọkàn ní oore kankan.

Ohun tí ìwádìí fi hàn nípa oògùn mẹ́ta fún àìsàn mẹ́ta yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí wọ́n ń sọ. Oògùn kan ṣoṣo lè ṣiṣẹ́ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn oògùn tí a kọ́kọ́ ṣe fún ìsoríkọ́, tí wọ́n ń jẹ́ kí serotonin pẹ́ láàárín àwọn iṣan ọpọlọ, náà ló ń wo àìfọkànbalẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ń ṣe ọgbẹ́ ọkàn ìjàǹbá lóore. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí sertraline fún un ní 1999, ó sì fọwọ́ sí paroxetine ní 2001. Venlafaxine náà ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Fluoxetine sì wà nínú àkójọ àwọn oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, kò sì wọ́n púpọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé idán ni. Nínú ìwádìí tí Brady àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lórí sertraline fún ọgbẹ́ ọkàn ìjàǹbá lọ́dún 2000, ènìyàn 187 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ara àwọn bíi 53 nínú ọgọ́rùn-ún tó lo sertraline yá dáadáa, 32 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni láàárín àwọn tó gba oògùn asán. Àǹfààní gidi ni, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀pọ̀ tí oògùn nìkan kò tó fún. Ìdí nìyí tí àwọn ìlànà òde òní fi ń gbé ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ẹnu ka iwájú, èyí tí aláìsàn ń fi ìtàn ìjàǹbá náà lélẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níwájú ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Níbi tí a kò bá ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, tàbí tí ìsoríkọ́ ti wúwo, a kò gbọ́dọ̀ fi oògùn falẹ̀.

Èwo wá ni kí dókítà mú? Ibí ni iṣẹ́ wà. Bí oògùn kan bá ti ṣe aláìsàn lóore rí, òun ni ká kọ́kọ́ rántí. Aboyún àti ìyá ọlọ́mú sábà máa ń rí sertraline gbà ju paroxetine lọ. Paroxetine ṣòro láti fi sílẹ̀ nítorí ara lè dààmú bí a bá dá a dúró, àmọ́ fluoxetine máa ń pẹ́ lára, ó sì rọrùn fún ẹni tó máa ń gbàgbé oògùn. Venlafaxine lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè. Amitriptyline, oògùn ìsoríkọ́ àtijọ́ kan, wọ́pọ̀, ó sì ń báni lóorun, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ro ikú bá gbé púpọ̀ mì, ó lè dá ọkàn-àyà rẹ̀ dúró, nítorí náà kò yẹ ká di ẹrù rẹ̀ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Bí ibà bá dé, kí aláìsàn sọ ohun tó ń lò, torí oògùn ìsoríkọ́ citalopram àti àwọn kan lára oògùn ibà lè jọ da ìlù ọkàn-àyà rú. Mefloquine, tó jẹ́ oògùn ibà, kò dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Kí dókítà sì bi ẹbí léèrè bóyá aláìsàn ti ní ìgbà kan tó ń yọ̀ láìnídìí, tí kì í sùn, tó ń náwó nínàákúnàá, nítorí oògùn ìsoríkọ́ lè ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ sínú wèrè.

Lórí àlá burúkú, ìrètí pọ̀ lórí oògùn kan tó ń jẹ́ prazosin fún ọdún púpọ̀. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2018 lórí 304 ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì kò rí àǹfààní rẹ̀. Kì í ṣe oògùn àkọ́kọ́.

Ohun tó ń mú kí àwọn ènìyàn wa padà sórí Valium ni pé oògùn tó tọ́ kì í yára. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lè kọjá kí ara tó yá díẹ̀, ti ọgbẹ́ ọkàn ìjàǹbá lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí 12. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú lè rú, àyà lè já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sertraline pẹ̀lú miligíráàmù 25 fún àìsàn yìí, kí wọ́n tó gbé e sí 50. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 25 gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ, torí ìrònú ikú lè pọ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀. Bí ara bá yá, kò tíì tán: a ń lò ó lọ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan. Dókítà tí kò bá sọ gbogbo èyí fún aláìsàn ti fọwọ́ ara rẹ̀ tì í padà sídìí àtẹ olóògùn.

Oògùn orí àtẹ tún ní ewu tirẹ̀. Ní 2017, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kó àwọn olóògùn Adjégounlè kúrò ní ọjà Dantokpa, ní Kùtọnú, ṣùgbọ́n òwò náà kò kú. Tramadol, oògùn ìrora, ni mo ń bẹ̀rù jù níbẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà àti àwọn agbérù ń lò ó kí ó má baà rẹ̀ wọ́n. Bó bá pàdé sertraline tàbí fluoxetine lára, ó lè fa gìrì, ara gbígbóná àti ìgbọ̀nrìrì tó lè pani. Kí aláìsàn má fi tramadol pamọ́ fún dókítà, kí dókítà má sì bá a wí débi tí á fi parọ́.

Àwọn ibi tí a lè lọ wà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba Bẹ̀nẹ̀ wà ní Jacquot ní Kùtọnú. Àwọn ilé ìtọ́jú Saint-Camille tí Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ti tú ọ̀pọ̀ aláìsàn sílẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, dá sílẹ̀ ní ẹ̀ka ní Avrankou. Ẹni tó bá sì ń kọjá sí Nàìjíríà lè dé Arò ní Abẹ́òkúta, níbi tí Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1954.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo Valium tàbí Lexomil lójoojúmọ́ láti oṣù pípẹ́: ẹ má ṣe ka èyí tán kí ẹ jù ú nù lálẹ́ òní. Dídá a dúró lójijì lè fa gìrì. Ẹ gbé páálí rẹ̀ dání lọ bá dókítà, kó dín in kù fún yín díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ èyí tó tọ́.