Ta Ni Yóò San Owó Ilé-Ẹ̀kọ́?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí gba owó-orí lórí owó tí àwọn òbí ń san ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Bí òbí bá san 100 pọ́ùn fún ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, 20 pọ́ùn mìíràn di ti ìjọba. Ìjọba náà wí pé òun yóò fi owó yìí gba olùkọ́ kún olùkọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Àwọn òbí àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan gbé ọ̀ràn náà lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kò dá wọn láre ní oṣù kẹfà ọdún náà.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọmọ wọn wà ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò kéré, nítorí náà ìròyìn yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní tiwa, ọ̀nà mìíràn ni a gbà. Òfin ìṣúná ọdún 2019 yọ owó ìkẹ́kọ̀ọ́, láti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, kúrò nínú owó-orí ọjà, òfin owó-orí tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2026 kò sì dá a padà. Ẹnìkan lè béèrè bóyá kò yẹ kí àwa náà ṣe bí ti Gẹ̀ẹ́sì, kí owó olówó lè kọ́ ọmọ tálákà. Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ẹni tí yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́ ti da ìgboro rú rí ní ilẹ̀ wa, ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn.

Ní àtètèkọ́ṣe, àwọn ìjọ Kristi àti àwọn òbí ni ó ń ná owó. Ìrànwọ́ ni ti ìjọba, kò sì tó nǹkan: ní 1877, igba pọ́ùn lọ́dún ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fún ìjọ kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ mẹ́ta tí ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó. Ibi tí ìjọ kò bá dé, ilé-ẹ̀kọ́ kò dé ibẹ̀. Ìjọba Lugard sì ti bá àwọn ọba Òkè-Ọya ṣe àdéhùn pé òun kò ní jẹ́ kí àwọn oníwàásù dà gìrọ́gìrọ́ wọ ilẹ̀ Mùsùlùmí. Èyí ni ó fà á tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àríwá kò fi ju bí 200,000 lọ ní 1957, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkànìyàn 1952 sí 1953 fi hàn pé ibẹ̀ ni èyí tí ó ju ìdajì gbogbo ènìyàn Nàìjíríà lọ ń gbé.

Ìlà-Oòrùn ni ó yẹ kí a wò fínnífínní. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Owó-òde tí wọ́n bù fún ará ìlú nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìjọba níbẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1954. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kòkó, kòkó sì ń pa owó nígbà náà. Ètò pípín owó tí ó wà lóde sì jẹ́ kí púpọ̀ nínú owó tí ó bá ti ilẹ̀ kan jáde padà sí ilẹ̀ náà. Epo pupa àti èkùrọ́ ni ti Ìlà-Oòrùn. Síbẹ̀, olóṣèlú wo ni ìbá dúró ní Enugu kí ó sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n máa wòran nígbà tí ọmọ aládùúgbò wọn ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́?

Ìjọba Dókítà Nnamdi Azikiwe ṣí ilẹ̀kùn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1957. Àwọn ọmọ tí wọ́n tó bí 900,000 ní 1956 di bí 1,200,000. Olùkọ́ kò tó. Púpọ̀ nínú àwọn tí a kó síwájú ọmọ ni kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rí. Ìjọ Àgùdà, tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀ jù ní ilẹ̀ náà, fi ẹ̀hónú hàn, nítorí ó fura pé ìjọba fẹ́ gba ọmọ títọ́ kúrò lọ́wọ́ ìjọ àti òbí. Ẹ̀kọ́ nìkan sì ń jẹ ohun tí ó ju 40 lọ nínú gbogbo 100 pọ́ùn tí ìjọba náà ń ná. Ẹrù ti pọ̀ ju orí lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1958, ìjọba dá owó ilé-ẹ̀kọ́ padà.

Àwọn obìnrin ni ó kọ́kọ́ dìde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn tú jáde láti fi ìbínú hàn. Ẹ rántí pé ní ilẹ̀ yìí kan náà ni àwọn ìyá wọn ti dìde ní 1929, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin, tí ìbọn sì pa èyí tí ó ju àádọ́ta lọ nínú wọn. Àwọn aláṣẹ kò fi ọ̀ràn náà ṣeré: wọ́n kó ọlọ́pàá jáde, wọ́n sì dẹ owó náà fún àwọn kíláàsì kékeré.

Lójú tèmi, kì í ṣe iye owó náà ni ó bí wọn nínú jù. A ti sọ fún wọn pé owó-orí ni yóò ra ẹ̀kọ́. Ilé wọn san owó-orí, wọ́n rán ọmọ lọ, a sì tún ní kí wọ́n wá ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Òbí tí ó ń ráhùn ní Lọ́ńdọ̀nù pé òun ń sanwó lẹ́ẹ̀mejì ń sọ ọ̀rọ̀ tí ó jọ èyí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n méjèèjì kò dọ́gba. Bí apá òbí yẹn kò bá ká a mọ́, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba wà fún ọmọ rẹ̀, kò sì ní san kọ́bọ̀. Obìnrin Ìlà-Oòrùn ní 1958 kò ní ibòmíràn tí yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ.

Níhìn-ín ni ọ̀nà àwa àti Gẹ̀ẹ́sì ti yà. Ní Íńgílándì, bí ọmọ méje nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ọmọ àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ́nu sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ní Kánò, ní Aba, ní Port Harcourt, alágbàṣe àti ìyá tí ń ta ata náà ń sanwó ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kékeré, nítorí pé ti ìjọba jìnnà, tàbí pé ọmọ ti kún un débi pé olùkọ́ kò mọ orúkọ wọn. Òótọ́ ni pé a ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí owó wọn ń wọ mílíọ̀nù náírà, tí owó-orí kò ní ṣe àwọn òbí ibẹ̀ ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n òfin tí kò bá ya ìyá aláta sọ́tọ̀ kúrò lára wọn yóò sọ ọ́ di obìnrin 1958.

Owó tí a tilẹ̀ ti ń gbà ńkọ́? Òfin 1993 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa mú náírà 2 wá nínú 100 èrè wọn fún ẹ̀kọ́. Láti 2011, òfin fi gbogbo owó náà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ti di náírà 3 nígbà tí yóò fi di 2023. Owó-orí mìíràn rọ́pò rẹ̀ láti 2026, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga bákan náà. Ti àwọn ọmọdé wà nínú òfin 2004, tí ó ya náírà 2 sọ́tọ̀ nínú 100 owó àpapọ̀ ìjọba. Ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ fi ti inú rẹ̀ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ mú ìdajì owó iṣẹ́ náà wá láti àpò ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọdún kò ní yí ká kí a má gbọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan kò mú un wá. Owó náà a sì dúró ní Àbújá, nígbà tí àwọn ọmọ tí a tìtorí wọn yà á sọ́tọ̀ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kàwé.