Ìtàn Súṣì: Láti Ẹ̀bá Ọ̀nà dé Ilé Oúnjẹ Olówó Ńlá

Ó ṣòro kí a tó rí àdúgbò kan tí ó gbajúmọ̀ díẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá òyìnbó lónìí tí kò ní ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń ta súṣì. Iná ibẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ jù, pákó ni wọ́n fi ṣe káńtà rẹ̀, alásè dúró lẹ́yìn káńtà pẹ̀lú ọ̀bẹ tí ó mú bí abẹ, àwọn oníbàárà sì jókòó níwájú rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ó wá dá Ifá. Bí ẹnìkan bá dá a lábàá lẹ́yìn ìpàdé pé kí a yà síbẹ̀, ohùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́ láàrin wa. Àwọn kan yóò ní àwọn kò lè jẹ ẹja tí a kò sè, pé ológbò ni ó ń jẹ irú rẹ̀. Àwọn kejì yóò ní oúnjẹ ọlọ́rọ̀ ni, kò yẹ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣọ́ owó ná. A ti wo ìtàn oúnjẹ náà, a sì rí i pé kò gbè lẹ́yìn ìhà méjèèjì. Ìdí nìyí tí a fi gbé kálàmù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan kúrò lọ́nà. Súṣì kì í ṣe orúkọ ẹja. Ìrẹsì tí a fi ọtí kíkan, èyí tí àwọn ará ilé ń pè ní fínígà, pò pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ohun yòówù tí ó bá wà lórí ìrẹsì náà, ìbáà ṣe ẹja, ìbáà ṣe ẹyin díndín tàbí kùkúńbà, àlejò ni. Ẹja tí a gé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ láìsí ìrẹsì ní orúkọ tirẹ̀, sashimi ni. Ìtumọ̀ súṣì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò ju "ohun tí ó kan" lọ.

Kíkan yìí ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ní agbègbè odò Mekong, ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, ni àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ti kọ́kọ́ ń ṣe irú rẹ̀. Ní àkókò kan, ẹja a pọ̀ ju èyí tí ẹnu lè jẹ lọ. Ní àkókò mìíràn, a wọ́n bí ojú. Wọn a fi iyọ̀ ra ẹja lára, wọn a kì í sínú ìkòkò pẹ̀lú ìrẹsì sísè, wọn a fi ohun tí ó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìrẹsì a kan, kíkan rẹ̀ ni kì í sì í jẹ́ kí ẹja bàjẹ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọn a yọ ẹja jẹ, wọn a da ìrẹsì nù. Nígbà tí ọgbọ́n yìí dé Jàpáànì, ó gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òfin Yōrō ti ọdún 718 fi ka súṣì mọ́ àwọn ohun tí ará ìlú lè fi san ìṣákọ́lẹ̀. Títí di òní, àwọn ará ẹ̀bá adágún Biwa ṣì ń ṣe irú àtijọ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní funazushi, òórùn rẹ̀ sì ń lé àlejò sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti tú ewé irú lójú rẹ̀ rí, tí ó sì mọ bí omi ògì ti ń kan, kò yẹ kí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò di imú.

Àwọn ènìyàn kò ní sùúrù títí. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹja náà kí ó tó kan tán, wọ́n sì ń jẹ ìrẹsì rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ó tún yá, wọ́n rò ó pé bí ó bá jẹ́ kíkan ni à ń wá, kí ni a ń dúró dè? Wọ́n bá ń bu ọtí kíkan sí ìrẹsì. Ní Osaka wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí pákó, wọn a sì gé e bí ẹni gé búrẹ́dì.

Ìlú Edo ni ọ̀rọ̀ ti wá yí padà. (Kì í ṣe Ẹdó ti àwọn ará Bìní o, orúkọ tí Tokyo ń jẹ́ kí ọdún 1868 tó dé ni.) Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìlú náà ti ní tó mílíọ̀nù kan ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ni ọkùnrin tí ó fi ilé sílẹ̀ wá ṣiṣẹ́: káfíńtà, alágbàṣe, ọmọ ọ̀dọ̀, àti àwọn ìránṣẹ́ jagunjagun. Ìyàwó wọn kò sí nítòsí. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ilé, iná sì ń jó ìlú náà léraléra, nítorí náà dídáná nínú yàrá kékeré kì í ṣe ohun àfiṣeré. Àwọn olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà ni ó ń bọ́ wọn. Àwa tí a ń gbé yàrá tí onílé ti ní a kò gbọdọ̀ dín ẹja nínú rẹ̀ mọ irú ayé bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ní àwọn ọdún 1820, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Hanaya Yohei (1799 sí 1858) ń ta súṣì ní Ryōgoku nínú ìlú Edo. Òun ni a sábà máa ń sọ pé ó dá nigiri sílẹ̀, bí àwọn kan tilẹ̀ ń jiyàn pé òun nìkan kọ́. Alásè a fi ọwọ́ di ìrẹsì ní ẹ̀ẹ̀kan, a fi wasabi tí ń ta sí imú kàn án, a gbé ẹja lé e, a nà án sí oníbàárà lójú ẹsẹ̀. Oníbàárà a jẹ ẹyọ méjì mẹ́ta ní ìdúró, a fi aṣọ tí wọ́n ta sí ẹnu ìsọ̀ nu ọwọ́, a bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ní ìsọ̀ tí aṣọ rẹ̀ bá dọ̀tí jù lọ ni àwọn ènìyàn ń wá, nítorí dídọ̀tí aṣọ ni ẹ̀rí pé ọjà ń tà níbẹ̀. Ẹyọ kan ìgbà náà sì tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ẹyọ òde òní. Ẹni tí ó ru pákó láti àárọ̀ kò wá tọ́ ọ wò, ó wá yó ni.

Ẹnìkan tí a kì í sábà dárúkọ nínú ìtàn yìí, tí àwa sì rò pé ó tọ́ sí i, ni Nakano Matazaemon, ẹni tí ń pọn ọtí ìrẹsì ní ìlú Handa. Ní 1804 ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí náà ṣe ọtí kíkan pupa tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó o lọ sí Edo. Ilé iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ni a mọ̀ sí Mizkan lónìí. Láìsí ọtí kíkan olówó pọ́ọ́kú, kò lè sí súṣì olówó pọ́ọ́kú.

Ní ti ẹja tí a kò sè, ẹ gbọ́ èyí. Kò sí fíríìjì ní Edo. Nítorí náà àwọn alásè ìgbà náà kì í sábà fi ẹja sílẹ̀ bí ó ti jáde láti inú omi. Wọ́n ń bọ edé, wọ́n ń se ẹja gígùn bí ejò tí wọ́n ń pè ní anago nínú omi dídùn, wọ́n ń fi iyọ̀ àti ọtí kíkan pa ẹja wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń rẹ ẹja túnà sínú omi ẹ̀wà sóyà. Èyí tí ó ń ba ará wa lẹ́rù nínú àwo lónìí kì í ṣe àṣà ìṣẹ̀ǹbáyé. Yìnyín àti fíríìjì ni ó jẹ́ kí ó gbilẹ̀, ní ọ̀rúndún ogún. Ọ̀rá ikùn ẹja túnà pàápàá, tí wọ́n ń pè ní toro, kò níyì rárá nígbà náà. Wọ́n ní ológbò pàápàá a máa fò ó kọjá. Ní oṣù January 2019, ẹja túnà kan tí ó wọn kìlógíráàmù 278 ni wọ́n rà ní ọjà Toyosu ní Tokyo ní mílíọ̀nù 333.6 owó yẹ́ẹ̀nì.

A kò ní parọ́ pé tálákà nìkan ni ó ń jẹ ẹ́ látijọ́. Yohei fúnra rẹ̀ di ọlọ́jà ńlá, àwọn ilé súṣì olówó gọbọi sì dìde ní Edo kíákíá. Nígbà tí ìjọba gbé òfin kalẹ̀ láti 1841 lòdì sí ìnákúnàá, ọwọ́ òfin bà àwọn onísúṣì tí ọjà wọn wọ́n jù. Ìsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà àti ilé olówó ti jọ ń gbé ìlú kan náà láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohun méjì ni ó gbé nigiri kúrò ní Tokyo lọ sí gbogbo Jàpáànì. Èkíní ni ilẹ̀ ríri ọjọ́ kìíní oṣù September 1923, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 100,000. Ọ̀pọ̀ alásè tí ìsọ̀ wọn jóná padà sí ìlú baba wọn, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn mọ̀ níbẹ̀. Èkejì ni ọ̀wọ́n oúnjẹ lẹ́yìn ogun. Ní 1947 ìjọba ti àwọn ilé oúnjẹ pa, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí onísúṣì gba ìwọ̀n kékeré ìrẹsì kan lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mú un wá, kí ó sì fi ẹyọ mẹ́wàá súṣì san án fún un pẹ̀lú owó iṣẹ́ díẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹyọ súṣì ti kéré sí bí a ti mọ̀ ọ́n yìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fòfin mú àwọn ìsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà kúrò nítorí ìmọ́tótó, súṣì sì wọ inú ilé lọ pátápátá.

Ní 1958, Yoshiaki Shiraishi ṣí ilé súṣì kan ní ìhà Osaka níbi tí àwo ti ń yí lọ níwájú oníbàárà lórí bẹ́líìtì. Ibi tí wọ́n ti ń rọ ọtí bíà sínú ìgò ni ó ti rí irú ẹ̀rọ náà. Ọgbọ́n yìí ni àwọn tó ń gbé London rí ní Soho láti 1997.

Ní ti Amẹ́ríkà, ìtàn tí a ń sọ fún àwọn oníbàárà kì í sábà débi tí ó dùn wá. Kí ogun àgbáyé kejì tó dé, tó 3,000 àwọn ará Jàpáànì àti ọmọ wọn ni ó ń gbé Terminal Island ní èbúté Los Angeles, tí àwọn ọkùnrin ń pẹja, tí àwọn obìnrin sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹja inú agolo. Ní ọjọ́ 19 oṣù February 1942, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n fún àwọn ará erékùṣù náà ní wákàtí 48 péré láti kó jáde. Wọ́n wó ilé wọn. Lápapọ̀, tó 120,000 ènìyàn ni wọ́n kó lọ sí àgọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni a sì bí ní Amẹ́ríkà. Àdúgbò Little Tokyo ṣófo. Àwọn ènìyàn dúdú tí ó wá láti ìhà gúúsù ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ogun, tí àwọn onílé kò gbà sí ibòmíràn, ni ó kún ibẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Bronzeville. Láti 1945 ni àwọn tí a lé lọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà, tí wọ́n ń tún ìsọ̀ wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó di 1988 kí ìjọba tó tọrọ àforíjì, tí wọ́n sì ṣòfin pé kí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó ṣì wà láàyè ní 20,000 dọ́là.

Ní àdúgbò yìí kan náà, ní 1966, ni ilé oúnjẹ Kawafuku ti ṣí káńtà súṣì, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Noritoshi Kanai, oníṣòwò tí ń kó oúnjẹ wọlé láti Jàpáànì. Àwọn oníṣòwò Jàpáànì ni ó kọ́kọ́ ń wá. Wọ́n mú àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń dòwò pọ̀ wá, àwọn náà sì mú ọ̀rẹ́ wá. Nígbà tí ó di 1970, ilé súṣì ti wà lẹ́bàá ilé iṣẹ́ sinimá Twentieth Century Fox, àwọn òṣèré sì sọ ọ́ di fáàrí. Ní ilé oúnjẹ Tokyo Kaikan, alásè Ichiro Mashita fi píà àti akàn rọ́pò toro tí kò sí ní gbogbo ìgbà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ní California roll ti jáde, bí ẹnìkan ní Vancouver náà ti ń sọ pé òun ni. Ní 1977 ìgbìmọ̀ kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wọn gbà wọ́n nímọ̀ràn láti dín ọ̀rá kù kí wọ́n sì jẹ ẹja sí i. Ó bọ́ sí àsìkò fún àwọn onísúṣì.

Ẹja sámọ́ǹ tí ó pọ̀ jù nínú àwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò tilẹ̀ ti Jàpáànì wá. Àwọn ará ibẹ̀ kì í jẹ ẹ́ láìsè nítorí kòkòrò inú rẹ̀. Àwọn ará Norway tí ń sin ẹja náà ni ó lọ polówó rẹ̀ fún wọn láti àárín àwọn ọdún 1980, ó sì gbà wọ́n ní ọdún bíi mẹ́wàá kí wọ́n tó gbà.

Ní 2006 ìjọba Jàpáànì ní àwọn fẹ́ máa fún àwọn ilé oúnjẹ òkèèrè ní ìwé ẹ̀rí pé oúnjẹ wọn jẹ́ ojúlówó. Àwọn oníwèé ìròyìn Amẹ́ríkà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọlọ́pàá súṣì ni wọ́n ń dá sílẹ̀, wọ́n sì dẹwọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti fa àríyànjiyàn láàrin wa, nítorí àwa náà kì í fẹ́ rí i kí àjèjì máa ta ohun tí kò dọ́gba pẹ̀lú àkàrà kí ó sì pè é ní àkàrà. Ní tiwa, a rò pé ìjọba náà pẹ́ jù. Mashita kò tọrọ ìwé ẹ̀rí kí ó tó gé píà, Yohei kò sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará adágún Biwa. Ohun tí a fẹ́ kí ilé oúnjẹ kọ sára ògiri ni ìtàn Terminal Island, kì í ṣe ìwé àṣẹ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó lọ ní ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ ilé a máa ta àwo ọ̀sán ní owó tí ó dín. Kí ó jókòó sí káńtà bí àyè bá wà. A lè fi ọwọ́ jẹ nigiri, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ láti ìgbà Yohei. Ìhà ẹja ni kí a kàn mọ́ omi sóyà, kì í ṣe ìhà ìrẹsì, kí ó má baà fọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sì gba ẹja tí a kò sè, kí ó béèrè anago, edé bíbọ̀ tàbí ẹyin. Súṣì ni gbogbo wọn.