Orúkọ Ṣáàdì ní Meyenheim: Ìtàn Bárékè Kan ní Alsace

Ìletò kékeré ni Meyenheim, ní Alsace, ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, láàrin Colmar àti Mulhouse. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn ọmọ ogun òfurufú Faransé fi lo pápá ńlá tí ó wà níbẹ̀. Ní 1957 ni ìkọ̀ bàálù ajagun kẹtàlá dé, nígbà tí gbogbo ojú wà lára Rọ́ṣíà. Lẹ́yìn náà ni Mirage gba ojú ọ̀run ibẹ̀. Ìkọ̀ Normandie-Niemen ni ó gbẹ̀yìn, èyí tí ó ti bá Rọ́ṣíà jagun pọ̀ sí Hitler nígbà kan rí. Ìtàn a máa ṣe irú àwàdà bẹ́ẹ̀.

Ní 2010, bàálù lọ, ọmọ ogun orí ilẹ̀ sì wọlé. Láti Noyon ni ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Régiment de marche du Tchad ti wá. Quartier Colonel Dio ni wọ́n ń pe bárékè náà báyìí.

Kí ni orúkọ Ṣáàdì ń wá ní Alsace? Ní oṣù kẹjọ 1940, Félix Éboué, aláwọ̀ dúdú ọmọ Guyane tí ó jẹ́ gómìnà Ṣáàdì, gbé ilẹ̀ náà lé de Gaulle lọ́wọ́. Dahomey wa ní tirẹ̀ wà lábẹ́ Vichy títí di ìparí 1942. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ Ṣáàdì àti agbègbè rẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tirailleur tí Leclerc kó la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Koufra, ní Líbíà. Dio wà pẹ̀lú wọn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta 1941, Koufra bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n búra pé àwọn kò ní í gbé ìbọn sílẹ̀ títí àsíá Faransé yóò fi fẹ́ lórí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Strasbourg. Strasbourg, olú ìlú Alsace! Ìbúra yẹn ni ó so aṣálẹ̀ mọ́ Meyenheim.

“Ará Senegal” ni Faransé ń pe gbogbo tirailleur, ibi yòówù kí wọ́n ti bí i. Àwọn Họ̀lí, nítòsí Pobẹ̀ àti Kétu, ti mọ iye tí orúkọ náà ń gbà lọ́wọ́ ilé: gbígba ọmọkùnrin sí ogun wà lára ohun tí ó mú wọn dìde sí Faransé ní 1914.

Ní oṣù keje 1943, ẹgbẹ́ náà gba orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní. Bí orúkọ ṣe ń wọlé ni àwọn tí wọ́n ni ín ń jáde: nígbà tí wọ́n ń tún ogun Leclerc tò pẹ̀lú ohun ìjà Amẹ́ríkà, wọ́n yọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò, wọ́n sì fi àwọn mìíràn dípò wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní 1944, ọ̀gágun Amẹ́ríkà Walter Bedell Smith kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ẹ̀yà ogun tí ó jẹ́ aláwọ̀ funfun pátápátá ni ó dára jù. Àwọn aláṣẹ Faransé gbà bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ 24 oṣù kẹjọ 1944, ọmọ Spéènì ni ó pọ̀ jù nínú ìsọ̀rí kẹsàn-án ẹgbẹ́ “Ṣáàdì” tí ó kọ́kọ́ wọ Paris. Strasbourg bọ́ ní 23 oṣù kọkànlá. Ìbúra Koufra ṣẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣẹ́gun Koufra kò sí níbẹ̀.