New Bell, Douala: Ìtàn tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ara ògiri

Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà wọ àdúgbò New Bell nílùú Douala, lórílẹ̀-èdè Cameroon, yóò rí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ìpolówó ọjà lára ògiri.

Lọ́dún 2010 ni ayàwòrán Hervé Yamguen ṣe iṣẹ́ mẹ́fà síbẹ̀. Les Mots écrits de New Bell ló pe àkójọ wọn, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ New Bell tí a kọ sílẹ̀. Inú orin Picsou, olórin ráàpù àdúgbò náà, ló ti mú wọn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ New Bell?

Lọ́dún 1884 làwọn ọba Duala tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Jámánì. Nígbà tó di ọdún 1910, ìjọba amúnisìn náà gbé ètò kalẹ̀ láti kó àwọn onílẹ̀ kúrò létí odò Wouri, káwọn òyìnbó nìkan lè máa gbé ibẹ̀. Ibi tí wọ́n ní kí wọ́n kó lọ ló di New Bell.

Ọba Rudolf Duala Manga Bell, tó kàwé ní Jámánì, kọ̀ jálẹ̀. Kò gbé ìbọn o. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ló kọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì, ó sì rán akọ̀wé rẹ̀, Adolf Ngoso Din, lọ síbẹ̀ láti wá agbẹjọ́rò. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ ni wọ́n fi kan àwọn méjèèjì, wọ́n sì yẹgi fún wọn lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù Kẹjọ, ọdún 1914, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá rántí bí ìjọba ṣe wó Màrókò l'Ékòó lọ́dún 1990 yóò mọ bó ṣe ń rí.

Marilyn Douala Manga Bell, ọmọ ìdílé ọba náà, àti ọkọ rẹ̀, Didier Schaub, ló dá àjọ doual'art sílẹ̀ lọ́dún 1991. Àjọ yìí ló ń gbé iṣẹ́ ọnà wá sí ìta gbangba ní Douala, títí kan ti Yamguen.

Àmọ́ òjò tó ń rọ̀ ní Douala lọ́dún kan ju mílímítà 3,000 lọ. Ọ̀dà máa ń ṣí, onílé náà sì lè tún ògiri rẹ̀ mọ. Fọ́tò nìkan ló lè ṣẹ́kù nígbà náà.

Ọ̀pọ̀ ayafọ́tò máa ń ní kí ìyá tó ń tajà níwájú ògiri sún kúrò kí iṣẹ́ ọnà lè hàn dáadáa. Lójú tèmi, ìyẹn kò dáa. Àwọn ará New Bell ló ni ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ti lé wọn tó. Kí ayafọ́tò kí ìyá náà, kó tọrọ àyè, kó yà á mọ́ ògiri, kó sì kọ ọjọ́ àti orúkọ òpópónà sí i.